Ogún Tí Kò Ṣeé Bọ́ Sílẹ̀

Ọjọ́ tí Dókítà Ìṣẹ́gun kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Adérónkẹ́ ní Ìyànà-Ìbà, ìwé ìpolówó ló fẹ́ tẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìsàn ló bá wá. Iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìnkùlé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì kún ẹnu ọ̀nà, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tí olùkọ́ ní kí wọ́n fi sílẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n. Adérónkẹ́ gba fíláàṣì lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó kì í bọ kọ̀ǹpútà, ó sì ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀ bó ti ń tò ó. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníṣègùn kan tó lo ọdún mẹ́fà ní ilẹ̀ Íńdíà, tó kọ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní Ayurveda, ti ṣí ilé ìtọ́jú sí Ìbà. Ó ń tọ́jú oríkèé ríro, inú kíkún, àìróorunsùn àti awọ ara.

Adérónkẹ́ yínmú. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó ti tẹ̀ kò lóǹkà. Ó ti tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tó ń ta ọṣẹ, ó ti tẹ̀ ẹ́ fún àwọn tó ń ta omi àdúrà, fún àwọn tó ń ta ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n ní ó ń fa májèlé jáde nínú ẹ̀jẹ̀. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí òun fúnra rẹ̀ kò rà rí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni, awọ ara rẹ̀ kò sì dà bíi ti ẹlòmíràn láti ìgbà tó ti gbọ́njú. Ó gbẹ, ó le, ní ojúgun rẹ̀ méjèèjì ó pín sí wẹ́wẹ́, ó gun ara wọn lórí bí ìpẹ́ ẹja. Bí ọyẹ́ bá dé, a máa là, ẹ̀jẹ̀ a sì máa yọ níbi tó bá ti là. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ajangbádì, Ẹja Gbígbẹ ni wọ́n ń pè é. Nígbà tó dàgbà, kò sẹ́ni tó tún pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun tí wọn yóò fi pè é. Síkẹ́ẹ̀tì gígùn, bùláòsì alápá gígùn, ìbọ̀sẹ̀, nínú ooru oṣù kẹta tí àwọn ẹlòmíràn ń fi aṣọ ìnura nu òógùn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gbénga, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Alábà, fẹ́ fẹ́ ẹ nígbà kan. Ìyá Gbénga bá a níbi tó ti ń fọ ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọn kò wá tọrọ mọ́.

Nígbà tí Adérónkẹ́ na ẹ̀dà àkọ́kọ́ sí dókítà náà kó wò ó bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọkùnrin náà kò tètè gbà á. Ọwọ́ tó na ìwé náà ló ń wò. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó dúró títí èrò fi dín, ó wá súnmọ́ tábìlì, ó ní kó má bínú, ṣé láti kékeré ni awọ ara rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀.

Adérónkẹ́ ti mọ ọ̀rọ̀ yìí délé. Ó gbé ojú sókè. “Kí lẹ fẹ́ tà fún mi?”

“N kò ní ohun tí yóò mú un lọ,” ni dókítà dáhùn. “Kì í lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó jẹ́, mo lè sọ ọ́ fún yín.”

Ó san owó ìwé rẹ̀, ó sì lọ.

Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún tí Adérónkẹ́ ti ń gbé awọ yìí kiri, kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé kì í lọ. Gbogbo wọn ló ń sọ pé yóò lọ. Ọjọ́ méje, ogójì ọjọ́, bó bá ti lè gbàgbọ́, bó bá ti lè dárí ji ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà dùn ún, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, ó ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó sì gba Ìbà lọ.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ilé ìtọ́jú náà wà, lókè ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ ilé ìwé. Yàrá méjì péré ni, ó mọ́, òórùn òróró yànmọ̀tí tí wọ́n gbé kaná sì gba inú rẹ̀ kan. Dókítà Ìṣẹ́gun fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó ń fetí sí bí iṣan rẹ̀ ti ń lù. Ó wo ahọ́n rẹ̀. Ó bi í bó ṣe ń sùn, ohun tó ń jẹ, bí ara ṣe máa ń yún un tó nígbà ọyẹ́, bóyá ó máa ń rọ̀ díẹ̀ nígbà òjò. Ó máa ń rọ̀ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó bi í ní ìyẹn rí.

Ó wá ṣàlàyé fún un. Ó ní àwọn tó kọ́ òun gbà pé agbára mẹ́ta ló ń darí ara èèyàn, ọ̀kan bí afẹ́fẹ́, ọ̀kan bí iná, ọ̀kan bí omi. Vata ni wọ́n ń pe ti afẹ́fẹ́. Níbi tí vata bá ti pọ̀ jù, gbígbẹ ló máa ń mú wá, bí ọyẹ́ ṣe ń gbẹ ètè. Nínú awọ Adérónkẹ́, ọyẹ́ kì í tán lọ́dún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òróró ni oúnjẹ rẹ̀: òróró yànmọ̀tí tí wọ́n fi ewé dóńgóyárò àti àtalẹ̀ pupa sè, lílọ́wọ́ọ́wọ́, ní àràárọ̀, kó fi pa gbogbo ara kó tó wẹ̀, kó má sì fi ọṣẹ líle tàbí kànìnkànìn kan ara mọ́ láé. Ó ní bí wọ́n bá fún un ní ìpara ní ọsibítù, kó fi kún un, wọn kì í ṣe ọ̀tá ara wọn.

Adérónkẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì bèèrè ohun kan ṣoṣo tó bá wá. “Ta ló rán an sí mi?”

“Kò sẹ́ni tó rán an. Inú irúgbìn ló ti wá. Bíja ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Ìwé wọn àtijọ́ sọ pé bí apá kan bá ní àbùkù nínú irúgbìn bàbá tàbí ti ìyá, apá yẹn náà ni yóò ti hàn lára ọmọ. Àwọn dókítà òyìnbó ń sọ ohun kan náà lọ́nà tiwọn. Ẹ jogún rẹ̀ ni, bí ẹlòmíràn ṣe ń jogún èéjì.”

“Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni,” ni Adérónkẹ́ sọ kíá. “Ọmọ Ọ̀jọ́ ni wọ́n, apẹja ni gbogbo ilé wọn. Wọ́n ní ẹ̀wù odò ni wọ́n gbé wọ̀ mí.”

“Ṣé ẹ rí i lára wọn?”

Adérónkẹ́ gbìyànjú láti rántí ìyá rẹ̀. Obìnrin tó ń ró ìró dé orúnkún, tó ń gbá àgbàlá ní ìdájí. Ojúgun rẹ̀ ń dán. Adérónkẹ́ rí i kedere bí ẹni pé àná ni: ojúgun tó jọ̀lọ̀, tí kò ní àpá kan.

Dókítà ní kó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì. Ìlà inú wọn kò lóǹkà, wọ́n jìn, wọ́n kọjá lórí ara wọn bí ojú ọ̀nà inú ọjà. Ó ní ẹni tó bá ní irúgbìn yìí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sábà máa ń rí báyìí, ìbáà ṣe pé ti ara rẹ̀ kò le púpọ̀. Kó lọ wo ọwọ́ àwọn ẹbí rẹ̀. Ó fi kún un pé kì í ṣe nítorí àtidá ẹnikẹ́ni lẹ́bi o, nítorí àtimọ̀ ni.

Ẹbí kan ṣoṣo ló kù tí Adérónkẹ́ lè wo ọwọ́ rẹ̀.

Wòlíì ni bàbá rẹ̀. Ní Ajangbádì, bí èèyàn bá béèrè ilé Wòlíì Ògúntádé, ọmọdé ló máa mú un débẹ̀. Ìjọ aláṣọ funfun tó dá sílẹ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ páànù, ó di ilé olókè méjì. Aláboyún, arọ, ẹni tí orí ń fọ́, gbogbo wọn ló ń kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, tí yóò gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Ọmọ tirẹ̀ nìkan ni kò rí wò sàn, gbogbo ìjọ sì mọ ìdí rẹ̀, nítorí pé ó ti sọ ọ́ láti orí pẹpẹ: ìyá ọmọ náà, Adébímpé, ló gbé májẹ̀mú odò wá láti ìdílé baba rẹ̀.

Nígbà tí Adérónkẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ní ìdájí gbogbo ọjọ́ Ẹtì, iyọ̀ àti kànìnkànìn ni. Yóò máa kọrin, yóò máa họ ọ́, títí omi inú baṣíà yóò fi pupa. Adérónkẹ́ kì í sunkún nítorí wọ́n ní bó bá sunkún, ẹ̀wù náà kò ní bọ́. Ọdún yẹn náà ni wọ́n kó ẹrù Adébímpé síta. Ó padà sílé baba rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, ọmọ sì jókòó ti bàbá. Nígbà tí ìyá náà bá wá dúró sí ẹnu géètì ilé ìwé, Adérónkẹ́ a gba ẹ̀yìn jáde. Bó ṣe ń dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni ìkórìíra náà ń dàgbà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Gbénga, ó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ pé kó má wá òun wá mọ́, pé ohun tó fi sí òun lára ti tó. Ọdún mẹ́rin ṣáájú kí dókítà tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, Adébímpé kú. Àbúrò ìyá náà obìnrin tó ń jẹ́ Ṣọlápé pe Adérónkẹ́ lórí fóònù pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìsìnkú. Adérónkẹ́ ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ òun.

Ọjọ́ kejì tó ti Ìbà dé, ó lọ bá bàbá rẹ̀. Lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló bá a, nínú sùtánà funfun tó wọ́lẹ̀, ó ń ka Bíbélì pẹ̀lú awò tó nípọn. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni, ó ti rù. Adérónkẹ́ kúnlẹ̀ kí i. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, bàbá náà na ọwọ́ láti gbé e lé e lórí. Adérónkẹ́ gbá ọwọ́ náà mú kó tó dé orí, ó sì yí i padà.

Ìlà náà jìn, wọ́n sì kọjá lórí ara wọn. Ọwọ́ tó ti ń gbà lórí láti ọmọdé, kò rí inú rẹ̀ rí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká ẹsẹ̀ sùtánà yín sókè,” ni ó sọ.

Wòlíì wò ó. Ó wo àgbàlá bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀. Kò sí. Adérónkẹ́ rò pé yóò bínú, pé yóò nà án lọ́pàá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni arúgbó náà tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó sì ká aṣọ náà dé orúnkún. Ojúgun rẹ̀ dúdú ju ti Adérónkẹ́ lọ, ìpẹ́ náà nípọn jù ú lọ. Láàrin wọn ni àpá wà, gígùngígùn, àpá àtọjọ́mọ́jọ́.

“Ìyá mi ló ni ín,” ni ó sọ. Ó ní ní Ìlaró, àwọn èèyàn kì í ra gààrí lọ́wọ́ ìyá òun, wọ́n ní awọ rẹ̀ á bọ́ sínú rẹ̀. Ebi ló pa wọ́n dàgbà. Nígbà tóun pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lòun sá wá sí Èkó, òun wọ ṣòkòtò gígùn, òun kò sì bọ́ ọ lójú ẹnikẹ́ni mọ́ àfi ojú ìyàwó òun. “Nígbà tí tìrẹ yọ, o pé oṣù mẹ́jọ, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n bọ́ mi síhòòhò láàrin ìjọ. Bí mo bá ní ọ̀dọ̀ mi ló ti wá, ta ló tún máa gbé aláìsàn wá kí n gbàdúrà fún un?”

“Màámi ńkọ́?”

“Ó mọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi gbé e.”

“Ẹ bẹ̀ ẹ́, ó gbé e, ẹ sì tún lé e.”

Wòlíì tú aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ́ ẹ dáadáa. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ fún ara rẹ̀. Ó ní iyọ̀ tóun fi ń họ ọ́ nígbà náà, ara òun lòun kọ́kọ́ máa ń fi họ kóun tó lọ jí i. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ó ní òun rò pé bí Ọlọ́run bá lè bọ́ ọ lára ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, òun á mọ̀ pé kì í ṣe pé ó kórìíra òun.

Àánú bàbá náà ṣe Adérónkẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì bínú sí ara rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó dìde. Bó ti ń dé ẹnu ọ̀nà, bàbá rẹ̀ pè é padà. Ó rò pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì.

“Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní ìjọ,” ni Wòlíì sọ.

Òróró náà ṣiṣẹ́. Ohun tó dun Adérónkẹ́ jù nìyẹn. Ní àràárọ̀, ó ń gbé abọ́ kékeré kaná, ó ń fi pa ara láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń dúró kí ara fà á mu kó tó wẹ̀. Kò tó oṣù méjì tí ojúgun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ìpẹ́ náà kò lọ, dókítà ti sọ pé kò ní lọ, ṣùgbọ́n kò là mọ́, kò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́, ó ń sun oorun tí kò fi èékánná họ ara títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Gbogbo ohun tí awọ yìí ń fẹ́ kò ju kí wọ́n fi òróró pa á, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ọjọ́ kan wà tó pa ara tán tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dán, tó sì sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀jọ́.

Àǹtí Ṣọlápé jókòó sí iwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ó sì jọ Adébímpé tó bẹ́ẹ̀ tí Adérónkẹ́ dúró sójú kan. Obìnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, kò dìde.

“Òkú ọdún mẹ́rin lo wá kí,” ni ó sọ.

Adérónkẹ́ kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì rò ó fún un, bó ṣe lọ sí Ìbà, bó ṣe wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, ohun tí bàbá náà sọ. Àǹtí Ṣọlápé ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán, ó ní gbogbo àwọn tó wà nílé yìí ló mọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ bá Wòlíì nínú ìjọ rẹ̀ kí wọ́n tú aṣọ rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Adébímpé ló ní wọn kò gbọ́dọ̀ lọ.

“Ó ní bí o bá kórìíra bàbá rẹ, ta ni yóò rán ọ nílé ìwé? Ó ní ọmọ gbọ́dọ̀ rí ẹnì kan bínú sí, kó kúkú jẹ́ òun, torí òun kò sí nínú ilé ọ̀hún mọ́.” Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára ìró rẹ̀. “Òróró àgbọn tí ìyá rẹ ń fọwọ́ ara rẹ̀ fún, tó ń fi rán ìyá oníṣọ́ọ̀ṣì yín kan sí ọ lóṣooṣù, ṣé ó máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ?”

Adérónkẹ́ kò rí òróró kankan rí.

“Mo rò bẹ́ẹ̀,” ni Àǹtí Ṣọlápé sọ.

Adérónkẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun. Obìnrin náà mi orí. Ó ní òun kọ́ ni wọ́n ṣẹ̀, òun kò sì lè bá òkú dárí jini; ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, kó lọ bá a sọ ọ́. Adérónkẹ́ yípo ilé náà lọ. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe ojú oórì náà, kò ní orúkọ. Àwọn ayálégbé sá ata rodo sórí rẹ̀. Ó dúró tì í títí oòrùn fi ń ta á lórí, kò sì mọ ibi tó yẹ kóun ti bẹ̀rẹ̀. Kò rántí ìgbà tó pe ìyá rẹ̀ ní Màámi lójú rẹ̀ kẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó kó ata náà sínú páànù kan tó wà nílẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì padà sílé.

Nígbà tí òjò ọdún yẹn wọlé dáadáa, Wòlíì Ògúntádé kú lójú oorun. Adérónkẹ́ kò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà.

Àwọn àgbà ìjọ ló wẹ òkú. Àwọn ló sì rí ohun tó wà lábẹ́ sùtánà fún ogójì ọdún. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún ara wọn nínú yàrá yẹn. Ohun tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n jáde ni pé iṣẹ́ ìyanu ni. Lọ́jọ́ kẹta, Alàgbà Àlàní, igbá-kejì Wòlíì, mú ọ̀rọ̀ ìwé ètò ìsìnkú wá sí ṣọ́ọ̀bù Adérónkẹ́, nítorí òun ló máa ń tẹ ìwé ìjọ láìgba ju owó pépà lọ. Ìwé àfọwọ́kọ ni, ojú ewé mẹ́ta. Adérónkẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó dé ojú ewé kejì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: *Nítorí ìfẹ́, ó gbàdúrà pé kí Olúwa gbé àrùn ara ọmọ òun lé òun lórí. Olúwa gbọ́ ọ. Ó gbé e títí dé ibojì láìsọ fún ẹnikẹ́ni.*

Ó yí àga rẹ̀ padà. Ó ní, “Alàgbà, ọwọ́ bàbá mi ni mo ti jogún rẹ̀. Ọwọ́ ìyá tiwọn làwọn náà ti gbà á. Wọ́n sọ ọ́ fún mi lẹ́nu ara wọn.”

Alàgbà Àlàní wò ó pẹ̀lú àánú. Ó ní ọ̀fọ̀ máa ń mú èèyàn sọ oríṣiríṣi.

“Bí wọ́n bá gbé e kúrò lára mi, kí ló dé tó ṣì wà lára mi?”

“Ìgbàgbọ́ rẹ ni kò tó,” ni Alàgbà sọ. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbé e lọ́la, kó jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà.

Adérónkẹ́ tẹ ọ̀ọ́dúnrún. Àwòrán bàbá rẹ̀ wà níwájú, orin wà níbi tó yẹ kó wà, ẹ̀kọ́ kíkà wà níbẹ̀. Ní ojú ewé kejì, ó yọ gbólóhùn wọn, ó fi tirẹ̀ sí i: *Awọ ara tó gbẹ ni Wòlíì Ògúntádé jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì fi jogún fún ọmọ rẹ̀ Adérónkẹ́. Adébímpé tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Wọ́n purọ́ mọ́ ọn.* Ó dì wọ́n mẹ́wàá mẹ́wàá.

Nígbà tí Alàgbà Àlàní dé lọ́jọ́ kejì, ó ṣí ọ̀kan, ó kà á, ó tún un kà. Kò pariwo. Ó rọra gbé ẹ̀dà náà padà sórí òkítì tó kù, ó bèèrè ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀, ó sì ká a sínú àpò agbádá rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé pọ̀ ní Ìyànà-Ìbà. Kò rìn ju ilé mẹ́ta lọ kó tó rí ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́.

Adérónkẹ́ lọ síbi ìsìnkú náà. Wọ́n fi í sí ìjókòó iwájú, àwọn obìnrin ìjọ ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Wọ́n ka gbólóhùn ìfẹ́ náà láti orí pẹpẹ, àwọn èèyàn sunkún, ẹnì kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì sọ fún ẹnì kejì pé irú bàbá bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ó fẹ́ dìde. Ó rí gbogbo ojú tó kún inú ilé náà, ojú àwọn tí bàbá rẹ̀ ti gbọ́wọ́ lé lórí, ó sì mọ̀ pé ohunkóhun tóun bá sọ, àánú òun ni yóò ṣe wọ́n. Ó jókòó títí wọ́n fi parí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú ẹ̀dà kan nínú ọ̀ọ́dúnrún tirẹ̀, ó gbé e lọ sí Ọ̀jọ́. Àǹtí Ṣọlápé gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Ó wá awò rẹ̀, ó ṣí ojú ewé kejì níbi tí Adérónkẹ́ fọwọ́ tọ́ka sí, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó dé orúkọ Adébímpé, ó dúró. Ó ní kí Adérónkẹ́ ka ibẹ̀ sókè fún òun. Adérónkẹ́ kà á.

“Èèyàn mélòó ló ti rí i?” ni obìnrin náà bèèrè.

“Yàtọ̀ sí Alàgbà wọn, ẹ̀yin àti èmi.”

“Ó kéré,” ni Àǹtí Ṣọlápé sọ. Ó ká ìwé náà sí méjì, ó sì wọlé.